Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Bàbá Wa Rìn fún Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta, Wọ́n Dáwọ́ Dúró

ÌBÉÈRÈ

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa pé ẹni ọdún 74 ní oṣù kejì tó kọjá. Olùkọ́ ni wọ́n, ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Arówómọlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ilé wa wà. Dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, orókún wọn sì ń le, kí wọ́n máa rìn láràárọ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi dá owó jọ, a ra kánfáàsì tó dáa fún wọn. Wọ́n rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fìdí jókòó, wọn ò fara pa. Láti ọjọ́ náà ni kánfáàsì ti padà sínú páálí rẹ̀. Bí a bá dá a sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ara ò gbà á mọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti bínú, mo ti fi ikú bàbá ọ̀rẹ́ mi dẹ́rù bà wọ́n. Ṣé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n ni?
*Àkọ́bí wọn, Arówómọlẹ̀*

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbólóhùn kan ló sì ń fà mí padà ní gbogbo ìgbà: "wọ́n fìdí jókòó, wọn ò fara pa." Ọmọ mi, wọ́n fara pa. Ibi tó ti dùn wọ́n ni ojú rẹ ò tó.

Ọ̀lẹ kọ́. Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ jí ní ìdájí láti lọ dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ọ̀lẹ lọ́jọ́ ogbó. Ìbẹ̀rù ni. Mo lè sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú torí pé ó ṣe èmi náà rí.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ṣubú. Mo ti fi ọdún 34 ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, mo ti bá wọn gbé arúgbó tí n kò lè ka iye wọn dìde nílẹ̀, mo sì rò pé mo mọ ohun tí à ń pè ní ìṣubú. Omi ilá ló dà sílẹ̀ nínú kíṣìnnì mi ní Masífà, mo tẹ̀ ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó wú fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lọ. Àmọ́ fún bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè ti yàrá dé bálùwẹ̀ láìfi ọwọ́ kan ògiri. Ọmọ-ọmọ mi ló pè mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ẹ wo ògiri yín." Ìlà kan wà lára ọ̀dà funfun yẹn, ó dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ gbọọrọ láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé ìkejì, ní déédéé ìbàdí mi. Ọwọ́ mi ló fà á. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì ni mí o. Mo mọ̀ pé egungun kankan ò ṣẹ́ lára mi. Síbẹ̀ mo pa ọjà Jagun tì, mo ní kí àwọn ọmọ máa bá mi ra nǹkan. Mo pa ìpàdé ẹgbẹ́ tì, mo ní ọ̀nà ti jìn. Ká ní o bi mí nígbà náà, ohun tí bàbá yín ń sọ gẹ́lẹ́ ni ǹ bá sọ: ara ò gbà á mọ́. Kì í sì í ṣe pé mo ń purọ́, mo gbà á gbọ́ ni.

Ohun tó burú nínú ẹ̀rù yìí ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ara rẹ̀ di òótọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù àtiṣubú á jókòó. Bó bá jókòó pẹ́, iṣan itan rẹ̀ á máa rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tètè gbá ara mú bí nǹkan bá yọ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá dìde lọ bu omi, á ṣubú lóòótọ́, á sì wò yín lójú pé, "Ṣé mo sọ fún yín?"

Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ẹ̀rù yìí jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀, tó yàtọ̀ sí àìlera ẹsẹ̀. Ní 1990, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mary Tinetti, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wọn ni bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Wọ́n ń bi àgbàlagbà pé báwo ló ṣe dá yín lójú tó pé ẹ lè wẹ̀, ẹ lè wọ aṣọ, ẹ lè dìde lórí àga, ẹ lè rìn yí inú ilé ká, kí ẹ má ṣubú? Bàbá tí kò ní jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á lè dáhùn ìyẹn. Ìwọ náà gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ bá jẹun tán. Má béèrè ìdí tí wọn ò fi rìn mọ́. Béèrè pé, "Bàbá, ọ̀nà wo nínú ilé yìí ni kì í fi yín lọ́kàn balẹ̀?" Kí o sì dákẹ́ títí wọ́n á fi dáhùn.

Ọ̀kan lára àwọn tó la ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù ni Albert Bandura, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford. Ní 1977 ó kọ ọ́ pé ohun tí èèyàn gbà pé òun lè ṣe ló máa ń sọ bóyá á dáwọ́ lé nǹkan, àti bóyá á fara dà á bó bá le. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni ìgbàgbọ́ yẹn ń gbà wọlé sí wa lọ́kàn. Ohun tí a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe tó sì yọrí, òun ló lágbára jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a rí ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìyànjú, àti bí ara ṣe ń rí lára wa nígbà tí a bá ń ṣe é. Wá wo èyí tí o lò fún bàbá yín nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ náà ò sì jọ ìyànjú, ó jọ ìhàlẹ̀. O fi òkú dẹ́rù ba ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é, àmọ́ jọ̀ọ́, má ṣe é mọ́.

Ohun kan tún wà tí o kò kọ, tí mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ torí pé ìlú kan náà la jọ ń gbé. Ìtìjú ni. Ó yẹ kí o tẹ̀ lé bàbá rẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kí o gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan á dúró: "Bàbá, ẹ gorí ẹ̀ jàre, ẹ ò ní sanwó." Ẹlòmíì á dúró. Ìyá kan tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù á nàró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́: "Háà, Tíṣà Àgbà, ṣé kò sí o? Ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ rí á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì bi wọ́n bóyá mọ́tò ló bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ló sọ pé a kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé wa. Àgbàlagbà tó ń fẹsẹ̀ rìn kánkán ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí kò gbé nǹkan dání, tí kò lọ síbì kan, àánú ni wọ́n fi ń wò ó ní ìlú yìí. Ọ̀gá ilé ìwé tí gbogbo àdúgbò ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kò lè máa gba àánú láràárọ̀. Ìṣubú yẹn kàn fún wọn ní ohun tí wọ́n lè dì mú ni.

Ẹ wá fún ẹsẹ̀ wọn níṣẹ́ tó níyì. Ṣé oníwèé ìròyìn wà ní oríta yín? Ẹ má bá wọn rà á wálé mọ́, kí wọ́n máa lọ kà á níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà ńkọ́, èyí tó ń gbé ibi tí kò jìn? Mo ti rí bàbá méjì ní àdúgbò mi tí wọ́n ń lọ kí ara wọn láràárọ̀: òní, ẹni àkọ́kọ́ á rìn lọ sílé èkejì, ọ̀la èkejì á rìn wá. Bí o bá pè é ní eré ìdárayá níwájú wọn, wọ́n á bínú. Wọ́n ní àwọn ń lọ jíròrò ni. Ẹni tó ń retí rẹ wà, ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ò parí lánàá, bí o ò bá sì dé, á béèrè. Ìyẹn máa ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ju kí dókítà dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ.

Mo tún fẹ́ bi ẹ̀yin ọmọ léèrè. Ta ló yan àárọ̀? Ta ló yan kánfáàsì? Ta ló yan ọ̀nà? Ó jọ pé dókítà yan ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin sì yan ìyókù. Edward Deci àti Richard Ryan, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ohun tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn, tó mọ̀ pé òun lè ṣe, tó sì ń ṣe láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, lòun kì í fi sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bóyá ìrọ̀lẹ́ ló wu bàbá yín lẹ́yìn tí oòrùn bá rọ̀. Bóyá sálúbàtà aláwọ tí wọ́n fi lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ ayé wọn ni ọkàn wọn fà sí (bó bá ti dè ní gìgísẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò sì yọ̀, mo fara mọ́ ọn). Ẹ bi wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ jẹ́ á ṣe é" tí ẹ ń sọ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ gba ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ tilẹ̀ gbé ife omi wá bá wọn lórí àga. Ọ̀wọ̀ ni, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń sọ fún lójoojúmọ́ pé kò lè ṣe é, lọ́jọ́ kan á gbà. Ní 2002, Becca Levy, olùwádìí kan nípa ọjọ́ ogbó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn èèyàn 660 tó ti pé 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi ojú rere wo ọjọ́ ogbó tiwọn fi ọdún méje àbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí kò fi ojú rere wò ó lọ. N kò sọ pé èrò nìkan ń wo àìsàn o. Ohun tí mo ń sọ ni pé "ara ò gbà á mọ́" tí bàbá yín ń sọ yẹn, ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó kọ́ wọn sọ ọ́.

Kí o tó bá wọn sọ ohunkóhun, pe bíríkìlà kó wá họ sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé yẹn kó rí ṣákiṣàki, kó sì la ojú ọ̀nà fún omi òjò. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, ẹ kọ́kọ́ mú ìdí náà kúrò kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Lẹ́yìn náà, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àga tí kò ní táyà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, tábìlì níwájú tí ọwọ́ lè dì mú. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Bí èyí bá ti rọrùn, kó di ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Èmi fi ẹfun kọ tèmi sára ògiri, lábẹ́ ìlà tí ọwọ́ mi fà yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ 10 síbẹ̀, ọmọ-ọmọ mi pàtẹ́wọ́, inú mi sì dùn bí ìgbà tí mo yege ìdánwò nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rìn dé ìdí máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, tí mo fọwọ́ kàn án, tí mo padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ẹnu géètì. Ó lé ní oṣù méjì kí n tó tún fi ẹsẹ̀ mi tẹ Jagun, mo sì ra ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Sọ fún wọn ṣáájú pé àyà á máa lù kìkì bí wọ́n bá ń rìn, òógùn á sì yọ. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ń ru máa ń rò pé ikú ló ń kanlẹ̀kùn bó bá gbọ́ ìlù àyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ń rìn tí wọ́n ṣì lè bá ọ sọ̀rọ̀ àmọ́ tí wọn ò lè kọrin, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí èémí ń há, tàbí tí ojú ń ṣókùnkùn, kí wọ́n dúró, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà. Bí òòyì bá sì máa ń kọ́ wọn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nàró, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa ìyẹn, ó sì lè jẹ́ òun ló gbé wọn ṣubú lọ́jọ́sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ẹni tó ti pé 65 ọdún nílò ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìrìn tó yá díẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ní ó kéré tán ọjọ́ méjì, kó sì ṣe èyí tó ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìdúróṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ ni mo sọ iye yìí fún. Má tíì sọ ọ́ fún wọn. Àjọ yẹn kan náà sọ pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ, ibẹ̀ yẹn ni kí o dúró sí ná.

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú àdúrótì wa. Ata ni mo ń tà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọdún 67 ni mí. Àwa obìnrin 14 ni a bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń kọ́ wa, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á jẹ, a fi ₦200 ṣe owó ìtanràn. A ò wá ju mẹ́rin lọ mọ́. Kí la ṣe tí kò dáa?
*Ìyá Aláta, Ọ̀yọ́*

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọjà. Owó ìtanràn yẹn ló lé wọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro, tó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ti jẹ gbèsè ₦200. Bó bá pa ìkejì jẹ, ó di ₦400, ojú á sì máa tì í láti yọ sí yín. Ẹ fagi lé e lónìí, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ ti fagi lé e. Bí ẹnì kan ò bá wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹni méjì lọ kí i kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, kì í ṣe láti bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ńkọ́? Ó dájú pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni ọdún 25 tó ń fò sókè níwájú ìyá ẹni ọdún 70, ohun tí ara ìyá yẹn ò lè ṣe ló ń fi hàn án. Ẹ fi ọ̀kan nínú yín síwájú, ẹ̀yin fúnra yín bó bá wù yín, kí ọmọkùnrin náà máa wá ẹni tó wà lẹ́yìn kó máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí orin wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà àti ọ̀rọ̀ ilé, torí púpọ̀ nínú wọn á wá nítorí ìyẹn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ọjọ́ mélòó ló máa gbà kí eré ìdárayá mọ́ mi lára, kí n má máa fi tipátipá ṣe é mọ́? Ọdún 70 ni mí.
*Òǹkàwé yín, Ìsàlẹ̀-Afọ́n*

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgbìyànjú. Olùwádìí kan, Phillippa Lally, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù tọ pinpin èèyàn 96 tó ń kọ́ ìwà tuntun, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ọjọ́ 66 ló jáde bí ìdá ọgbọọgba, àmọ́ láti orí 18 dé 254 ni wọ́n fojú bù ú sí. Ohun tó tù mí nínú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò tìtorí ẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá dá yín dúró lónìí, ọ̀la ń bẹ.

Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá kírun Àsùbáà tán, tàbí bí ẹ bá gbàdúrà òwúrọ̀ tán, tàbí bí ẹ bá rin pákò tán. Tèmi, lẹ́yìn tíì ni. Bí mo bá ti gbé ife sílẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti máa wá bàtà lábẹ́ àga.